Pílásítà Mẹ́fà

Ilé Dúrójayé,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Ayọ̀kúnlé ọmọ mi,

Ṣé o délé ire? Ṣé òtútù Leeds kò mú ọ jù? Ó tán. Ìkíni tí mo ní fún ọ lónìí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí inú tó ń bí mi kò jẹ́ kí n rí ẹnu kí ènìyàn.

Mo kọ ọ́ sórí ìwé, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, torí mo ti pinnu pé n kò ní gbé ìpè rẹ. Tí a bá jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wàá ní, "Ẹ fara balẹ̀, Màámi, ẹ gbọ́ mi ná." Màá gbọ́ ọ, ìbínú á sì rọ̀. N kò fẹ́ kó rọ̀.

Àná ni mo kọ́kọ́ wọ yàrá iṣẹ́ mi láti ìgbà tí o ti lọ. Mo bá tábìlì mi, ó mọ́ tónítóní bíi ti báńkì. Kọ̀ǹpútà mi kò sí níbẹ̀. Adípò, àpótí irin mi, kò sí níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà tuntun kan tó fẹ́lẹ́ àti ohun kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ ni mo bá, pẹ̀lú bébà tí o lẹ̀ mọ́ ọn: "Màámi, ẹ máa lo èyí báyìí. Ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Mo wá gbogbo ilé. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni tó ń wá adìyẹ. Ìyá Fúnmiláyọ̀ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló wá là mí lóye. Ó ní ìgbà tí mo wà ní ìsìn ìdúpẹ́ ọdún tuntun ni o pe ẹni tó ń ra irin àlòkù wọlé, tí o fi Adípò àti kọ̀ǹpútà lé e lọ́wọ́. Ó ní o tilẹ̀ ràn án lọ́wọ́ gbé e sínú bárò. O ràn án lọ́wọ́!

Ṣé o mọ bí Adípò ṣe dé ọwọ́ mi? Nígbà tí ilé iṣẹ́ tí mo wà ní Ìbàdàn kógbá sílé ní 1994, ọ̀gá wa ní kí kálukú mú ohun tó bá wù ú. Àwọn kan gbé fáànù, àwọn kan gbé àga. Àpótí onírin aláwọ̀ eérú yẹn ni èmi gbé, mo gbé e lé itan láti Ìbàdàn dé Ìkọ̀lé. Ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ kì í sọ̀rọ̀. Tó bá ń ṣe ìsọkúsọ nínú ẹ̀rọ, ènìyàn kò lè mọ ohun tó ń rò. Ṣùgbọ́n màá yọ ṣíìpù kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, màá ki ogójì eyín Adípò bọ ibẹ̀, Adípò á sì jókòó dípò rẹ̀. Á máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀, á sì máa sọ fún mi lójú kọ̀ǹpútà, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, ohun tó ń ṣe. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ní Adípò nìyẹn.

Ààrò méje ló wà lábẹ́ ọwọ́ mi: Ìkọ̀lé, Ìrèlè, Ayédùn, Ìtàjí, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti Ìpáò. Bàbá Fájọbí, àbúrò bàbá rẹ, ló rọ irin wọn. Èmi ni mo fún wọn ní ọpọlọ. Àwọn obìnrin ń kó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rẹ sínú wọn kó lè gbẹ, kí wọ́n fi ṣe láfún, dípò kí wọ́n máa sá a sójú títì fún ewúrẹ́ àti táyà mọ́tò. Ṣíìpù ló ń wo ooru, òun ló ń tan fáànù, òun ló ń pa á. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣìwà hù lónìí, kí ni màá fi bi í léèrè?

Ọjọ́ tí o dé ni mo ti sọ fún ọ: dúró kí ọdún kọjá, a ó jókòó ti Adípò, màá fi hàn ọ́ bí ààrò kọ̀ọ̀kan ṣe ń ronú. O ní, "Kò burú, Màámi." Wá Adípò mi jáde. Bí o ṣe máa ṣe é, ìwọ lo mọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Christiana Dúrójayé.


Leeds.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú ọyẹ́. Mo délé láyọ̀, mo sì ń jẹun. Mo ka lẹ́tà yín, mo pa á tì fún ọ̀sẹ̀ kan, torí tí mo bá dáhùn lọ́jọ́ tí mo gbà á, ohun tí ǹ bá kọ kì í ṣe ohun tí ọmọ ń kọ sí ìyá rẹ̀.

Ọdún márùn-ún ni mo ti ń bẹ̀ yín lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ rántí 2022, tí kọ̀ǹpútà yẹn kọ̀ tí kò tan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ẹ ń pè mí láago lójoojúmọ́ tẹ́kún-tẹ́kún? Wọn kò ṣe dísíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Wọn kò ṣe ṣíìpù yẹn mọ́. Inú ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn tó ti kú ni ẹ ti ń tú u. Nígbà tí mo ṣí Adípò wò, àwọn nǹkan kéékèèké tó ń gba iná dúró nínú rẹ̀ ti wú bí ikùn ewúrẹ́ tó jẹ èlùbọ́. Ọjọ́ tó bá kú, ààrò méje ló máa bá a kú, àwọn obìnrin náà á sì máa bi yín. Ṣé ọjọ́ yẹn ni kí n dúró dè?

Ẹ mọ̀ pé ọpọlọ ẹ̀rọ ìfọṣọ ni à ń ṣe níbi iṣẹ́ mi. Irú Adípò yín wà níbẹ̀. Inú gíláàsì ló wà, lẹ́nu ọ̀nà, àwọn àlejò máa ń dúró wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí tó kù. Ẹ rò pé eruku ni mo ń lọ nù kúrò lára ààrò ṣáájú Kérésì. Mo ti pààrọ̀ ọpọlọ mẹ́fà nínú méjèèje. Ìpáò nìkan ni n kò dé, torí afárá tó wà lójú ọ̀nà ibẹ̀ ti wó. Ètò tó wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ fún mi ni mo tún kọ lórí kọ̀ǹpútà mi, mo sì tẹ̀ ẹ́ sínú ṣíìpù tuntun tí ẹ lè rí rà níbikíbi. Iye kan kò yàtọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ṣíìpù àtijọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lọ́wọ́ mi níbí. Màá ka ohun tó wà nínú wọn, màá tọ́jú rẹ̀ kó má baà sọnù láé. Mo rò ó dáadáa kí n tó ṣe é.

Gbogbo ìsinmi mi ni mo fi jókòó sẹ́yìn alùpùpù Bàbá Fájọbí, tí eruku ń bọ̀ mí lójú. Ẹnikẹ́ni kò kí mi kú iṣẹ́. Ó dùn mí gan-an.

Ọmọ yín,
Ayọ̀kúnlé.


Ìkọ̀lé-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Èrèlé, 2025.

Ayọ̀kúnlé,

Mo kí ọ. Àwọn ará Ìrèlè náà kí ọ. Gbọ́ bí wọ́n ṣe kí ọ.

Ọjọ́rú tó kọjá, Ìyá Ẹlúyẹmí tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wọn gun ọ̀kadà wá bá mi. Kò jókòó, kò mu omi. Ó gbé ọ̀rá kan dání, ó sì tú ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì mi. Láfún ni, ṣùgbọ́n ó pọ́n bí erùpẹ̀, ó ń rùn bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó. Ó ní, "Tíṣà, uṣẹ́ ria bàjẹ́ o! Kí ọmọ rẹ ṣe sí ààrò ria?" Ẹ̀gẹ́ obìnrin mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ààrò yẹn. Wọ́n tan án fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún yìí bí wọ́n ṣe máa ń tan án, wọ́n lọ sóko, ọkàn wọn balẹ̀, torí ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ààrò yẹn ti ń ṣọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, ilẹ̀kùn ojú iná ti ká kò bí ewé.

Ìtàjí ní tiwọn kò jó. Kò gbẹ, ó bu. Mo ti yí ká gbogbo ìlú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo ti pa ààrò wọn. Ìpáò tí o kò rí ọ̀nà dé nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ afárá tó wó.

O ní iye kan kò yàtọ̀. Òótọ́ ni! Kò yàtọ̀ sí ohun tí mo kọ ní 1997! Ohun tó wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ló wà nínú ààrò, ọmọ. Ní 2009, irú tẹmómítà tí mo ń lò tán lọ́jà. Èyí tí mo rí rọ́pò rẹ̀, irọ́ ló ń pa: ooru á ti tó àádọ́rin, á pè é ní ọgọ́ta. Mo gbé Adípò lọ sí ìdí ààrò kọ̀ọ̀kan, mo gbé e lé àpótí ìjókòó, mo tún iye náà ṣe lójú iná, títí láfún fi funfun. Bí ti Ìrèlè ṣe ń purọ́ kọ́ ni ti Ìtàjí ṣe ń purọ́. Adípò ni ìbá sọ ọ́ fún ọ.

Wàá rí i nínú àwọn ṣíìpù tó wà lọ́wọ́ rẹ. Kà wọ́n, kí o sì tún ohun tí o bàjẹ́ ṣe kí òjò tó dé. Ìgbà òjò gan-an ni wọ́n nílò ààrò. Ní ti Adípò inú gíláàsì, ẹ máa wò ó. Tèmi kì í ṣe ohun ìwòran.

Ìyá rẹ.


Leeds.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Èrèlé, 2025.

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi bẹ àwọn ará Ìrèlè, mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, n kò sì rí oorun sùn.

Mo ti ka àwọn ṣíìpù náà. Òfìfo ni wọ́n, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kì í ṣe pé wọ́n bàjẹ́. Wọ́n ṣófo bí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí rí. Ṣíìpù kì í dédé ṣófo. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé iná elésè àlùkò yẹn ni ẹ fi ń pa ohun tó wà nínú wọn rẹ́ kí ẹ tó tún un kọ. Èmi kò ní irú iná bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní in.

Àpò mi wà ní pálọ̀ yín fún odidi ọjọ́ méjì kí n tó lọ. Ẹ ò fẹ́ kí n fọwọ́ kan ààrò yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n ṣe lẹ́yìn yín. N kò fẹ́ bi yín, ṣùgbọ́n màá bi yín: ṣé ẹ pa wọ́n rẹ́ kí ojú lè tì mí ni?

Ayọ̀kúnlé.


Leeds.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Ẹrẹ́nà, 2025.

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti lé ní oṣù kan, ẹ ò fèsì. Mo pè yín ní ìgbà mọ́kànlá, mo kà á. Alùfáà ṣọ́ọ̀ṣì yín gbé ìpè mi, ó ní ara yín le, ó ní ẹ ń kọrin ní kúáyà. Inú mi dùn, inú sì bí mi.

Bàbá Fájọbí sọ fún mi pé òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti ń gbìyànjú lórí fóònù. Mo fi iye tuntun ránṣẹ́, ó fi okùn so fóònù rẹ̀ mọ́ ọpọlọ tuntun ti Ìrèlè, ó tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀, ó tan ààrò lásán láìsí ẹ̀gẹ́ nínú rẹ̀, ó fọwọ́ kan irin, ó ní, "Ó ṣì gbóná jù." Iye mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ti dán wò. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ tó ti fi ogójì ọdún di irin gbígbóná mú, ṣé òun ni kí n fi wọn ooru? Mo ń méfò, Màámi. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni, mo sì ń méfò bí ẹni tí kò kọ́ ọ rí.

Tí ohun tí mo béèrè bá dùn yín, ẹ sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ẹ dá mi lóhùn.

Ayọ̀kúnlé.


Ìkọ̀lé-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Igbe, 2025.

Ayọ̀kúnlé,

Ìkíni àárọ̀ tàbí ti alẹ́, èyí tó bá bá ọ níbẹ̀ ni kí o mú.

Rárá. O ní ọ̀rọ̀ kan péré lo fẹ́, mo ti fún ọ.

Ìgbà mẹ́rin ni mo kọ èsì sí ọ, tí mo fà á ya. Ọmọ tí mo bí ló ní mo pa iṣẹ́ ọwọ́ ara mi rẹ́ kí ojú lè tì í. Mo gbé ìwé rẹ lọ síwájú fọ́tò bàbá rẹ lára ògiri, mo kà á sókè fún un. Mo ní kó gbọ́ ohun tí a jọ bí.

Iná elésè àlùkò tí o ń wí ti fọ́ láti 2011. Láti ìgbà náà, oòrùn ni mo fi ń pa ṣíìpù rẹ́. Ṣé o rántí gíláàsì kékeré tó wà láyà wọn, bí fèrèsé? Tí oòrùn bá ń gba ibẹ̀ wọlé fún bí ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ohun tí a kọ sínú wọn á parẹ́. Orí àwo tánganran olódòdó pupa ni mo máa ń tò wọ́n sí, lẹ́yìnkùlé. Ìwọ ni mo máa ń rán níṣẹ́ pé bí òjò bá ṣú, kí o sáré gbé àwo wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ́ nígbà náà, o máa ń kùn. Èyí tí mo bá ti kọ nǹkan sí, mo máa ń lẹ pílásítà mọ́ ojú fèrèsé rẹ̀ kí oòrùn má baà rí i wọ̀. Pílásítà tí a fi ń lẹ ojú egbò, èyí tí nọ́ọ̀sì máa ń fún mi ní ilé ìlera.

Ọjọ́ Ajé ni mo tún lọ bẹ àwọn obìnrin Ìrèlè, ìgbà kẹta nìyẹn. Mo yà sọ́dọ̀ Bàbá Fájọbí. Ó wọlé, ó gbé nǹkan jáde, ó ní, "Uyàwó ria, àwo rẹ rè é o. Ọmọ rẹ gbàgbé rẹ̀ síbí." Àwo olódòdó pupa tí mo ti ń wá láti Kérésì ni. Mo bi í pé ibo ló wà. Ó ní orí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni o gbé e sí, ibẹ̀ lo ti ń to ohun tí o yọ nínú ààrò, ibẹ̀ ló sì wà fún ọjọ́ mọ́kànlá títí o fi di ẹrù rẹ. Mo wo ògiri náà. Oòrùn kì í kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo wá yí àwo náà wò. Pílásítà mẹ́fà ló lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, o tò wọ́n dáadáa. Orúkọ ìlú wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi ni mo fi bírò kọ ọ́ síbẹ̀: Ìrèlè, Ìtàjí, Ọ̀yẹ́, gbogbo wọn. O ṣí wọn kí o lè ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ wọn, àbí? Mo jókòó sílẹ̀ lójú kan náà. Fájọbí rò pé àìsàn ló kì mí.

Ìwọ lo pa wọ́n rẹ́, Ayọ̀kúnlé. O kó wọn lọ sí òkè òkun ní òfìfo, o wá jókòó síbẹ̀, o kọ̀wé pè mí ní ọ̀dàlẹ̀.

Bámidélé, ọmọ Ìyá Fúnmiláyọ̀, ń bọ̀ wá sí Leeds lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti fi pílásítà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú àpò ìwé, mo ní kó fi lé ọ lọ́wọ́. Kí o mọ èyí náà: gbogbo iye tí mo tún ṣe láti 2009 wà nínú ìwé kan, pẹ́ńsù ni mo fi kọ wọ́n. Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mi ò ní fi ránṣẹ́ sí ọ. Lánàá mo rí ẹ̀gẹ́ àwọn ará Ìtàjí lójú títì, ewúrẹ́ méjì dúró tì í, wọ́n ń jẹ ẹ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ ní ọdún 1998. Mo kọjá lára wọn, mi ò lè kí wọn.

Ìyá rẹ.


Leeds.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Igbe, 2025.

Màámi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Bámidélé bá mi níbi tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tó pè mí lórí fídíò lẹ́yìn tí mo ṣí àpò ìwé náà. Ẹ lè bi í. Èmi ni mo ṣí wọn. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo rò pé ẹ fi dí ojú ibi tó sán ni. Mo rí orúkọ ìlú lára wọn, mo sì ṣí wọn bẹ́ẹ̀. Mo rántí àwo náà báyìí, mo rántí bí ẹ ṣe máa ń pariwo orúkọ mi láti ilé ìdáná tí ojú ọ̀run bá ṣú. Irú ṣíìpù tí à ń lò níbí kò ní fèrèsé. Ìyẹn kì í ṣe àwáwí. Ohun tí mo fi kàn yín kò yẹ kó jáde lẹ́nu mi. Ẹ forí jì mí.

Mo ti bẹ̀ yín tán. Inú ṣì ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, torí tí mo bá gbé e mì, á dìbàjẹ́ nínú mi.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ẹ fi ń fi pẹ́ńsù kọ iye sínú ìwé tí ẹlòmíràn kò rí rí. Ọjọ́ tí mo dé, mo bi yín: Màámi, ibo ni ètò àwọn ààrò wà? Dísíkẹ́ẹ̀tì ni ẹ nà sí mi. Ẹ mọ̀ pé kò pé. Ẹ mọ̀ ọ́n! Ẹ fẹ́ kí n kọ́kọ́ wá jókòó lẹ́sẹ̀ yín kí ẹ tó fún mi ní ìyókù, bí mo ṣe máa ń jókòó nígbà tí mo wà ní kékeré. Ká ní ẹ ti sọ pé, "Ìwé kan wà," gbólóhùn kan yẹn, ẹ̀gẹ́ kankan kì bá tí jó. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni yín. Tí nǹkan kan bá ṣe yín lójú ọ̀nà Ìtàjí, ta ló máa mọ ohun tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí?

Mo jẹ̀bi tèmi. Ẹ̀yin náà ẹ wo tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò ìwé náà sí mi, òjò ti dé.

Ọmọ yín,
Ayọ̀kúnlé.


Ìkọ̀lé-Èkìtì.
Ọjọ́ kìíní, oṣù Òkúdù, 2025.

Ayọ̀kúnlé ọmọ mi,

Mo kí ọ dáadáa lónìí. Ṣé o ń jẹun? Bámidélé sọ fún ìyá rẹ̀ pé o ti rù.

Nígbà tí ìwé rẹ dé, mo sọ ọ́ sílẹ̀. Mo bínú débi pé mo se iṣu tán, n kò jẹ ẹ́. Mo wá gbé ohun kékeré rẹ tó dà bíi páálí ìṣáná, mo ní kí n lò ó títí á fi bàjẹ́, kí n lè kọ̀wé sí ọ pé ó bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá a jà. N kò bi ẹnikẹ́ni. Ojú mi rí nǹkan. Àwọn lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà tuntun yẹn kéré bí ẹyin eèrà.

Ó dára, Ayọ̀kúnlé. Mo kórìíra láti kọ ọ́. Okùn kan péré ni, n kò yọ ṣíìpù, n kò ki eyín bọ ibì kankan. Ó ń dá ètò dúró níbi tí mo bá ní kó dúró, ó ń sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi bí Adípò ṣe ń sọ ọ́. Mo gbé e lé àpótí ìjókòó nídìí ààrò, pẹ̀lú ìwé mi. Ọ̀yẹ́ ni mo kọ́kọ́ tún ṣe, mo wá ṣe Ìdó, Ayédùn àti Ìkọ̀lé. Ìrèlè ni ìkarùn-ún. Mi ò kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀. Ìyá Ẹlúyẹmí dúró sẹ́yìn mi, ó káwọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní ìrọ̀lẹ́, ó bu díẹ̀ sátẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ó funfun." Ó kó tirẹ̀ lọ sílé. Ìwọ fúnra rẹ ló máa wá bẹ̀ wọ́n, èmi ti bẹ̀ wọ́n tó.

Ìtàjí ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Mo ṣí ojú ewé rẹ̀ nínú ìwé. Ọwọ́ mi ni mo rí níbẹ̀: "Dín mẹ́ta kù." N kò kọ ìdí rẹ̀. Mo dúró níwájú ààrò yẹn bí ẹni tó ṣìnà dé ilé onílé. Mo ronú, mo ronú. Kí ló dé tí mo fi dín mẹ́ta kù? Ṣé tẹmómítà ni? Ṣé bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ níbẹ̀ ni? Mo dán an wò láì dín in, kò gbẹ. Mo dín in, ó gbẹ. Òun nìkan ló ṣe é. Èmi tí mo kọ ọ́ kò mọ ìdí tí mo fi kọ ọ́ mọ́. Mo jókòó sínú iyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, mo rántí ìbéèrè rẹ nípa ohun tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. O tọ̀nà lórí ìyẹn. Mo sì mọ̀ pé dísíkẹ́ẹ̀tì tí mo fún ọ kò pé. Mo fẹ́ kí o jókòó tì mí ni. Ọdún mẹ́ta ni n kò fi rí ọ.

Fọ́tò ojú ewé mẹ́rìndínláàádọ́ta ló tẹ̀lé lẹ́tà yìí. Kà wọ́n. Èyí tí kò bá yé ọ, bi mí ní báyìí tí mo ṣì lè dáhùn.

Mo ti rí Adípò. Ẹni tó ń ra irin àlòkù tà á fún Bàbá Fájọbí. Fájọbí kò mọ̀ ọ́n, kò wọ yàrá iṣẹ́ mi rí. Ó kan rí irin tó nípọn ni, ó tú inú rẹ̀ dànù, ó fi páànù rẹ̀ rọ ilẹ̀kùn ojú iná tuntun fún Ìrèlè, dípò èyí tí iná rẹ ká kò. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ihò ibi tí bọ́tìnnì mẹ́rin rẹ̀ wà ṣì hàn, iná ń yọjú níbẹ̀. Fájọbí fẹ́ dí ihò náà. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Ó ku Ìpáò. Wọ́n ti tún afárá wọn ṣe. Ṣíìpù àtijọ́ ibẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, òun nìkan ló kù tí ohun tí mo kọ sí i ṣì wà nínú rẹ̀, kò sì sí ojú ewé Ìpáò nínú ìwé náà: mo ní gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, n kò mọ̀ pé n kò kọ ti Ìpáò sílẹ̀ rí. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ní Kérésì, ìwọ lo máa yọ ọ́, èmi á dúró sẹ́yìn rẹ. Mú pílásítà dání.

Ìyá rẹ,
Christiana Dúrójayé.